Ẹyin Igún àti Ọmọ Akíka

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Ìyá Dọ́gba jẹ́, ẹ gbé odindi búrẹ́dì kan lé e lọ́wọ́, kí ẹ ní kó pín in fún ènìyàn méjì. Á kọ́kọ́ wò ó lórí, á wò ó nídìí, á gbé ọ̀bẹ lé e, á tún gbé ọ̀bẹ kúrò. Kó tó gé e, ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu àwọn méjèèjì pa. Tí apá kan bá wá fi bíńtín ju èkejì lọ, á já bíńtín náà sọ sẹ́nu ara rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà di ẹjọ́. Dọ́gba kọ́ ni orúkọ tí ìyá tó bí i sọ ọ́, àmọ́ ta ló tún rántí ìyẹn? Níbi iṣẹ́, ládùúgbò, lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a tún bàtà ṣe, Ìyá Dọ́gba náà ni. Ó sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Kì í ṣe pé ó kàn ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kú lójijì, ó fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀. Ìyá Dọ́gba mú ọmọ náà sọ́dọ̀, ó pa á pọ̀ mọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí òun fúnra rẹ̀ bí. Ọmọbìnrin yìí ni wọ́n ń pè ní Kékeré títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ sì mọ ẹnu ayé. Tí ọmọ òkú bá wúkọ́, wọ́n á ní ebi ni. Tó bá rù, wọ́n á ní ṣé ẹ rí i, ó ti ń fi oúnjẹ rẹ̀ bọ́ ọmọ tirẹ̀. Ìyá Dọ́gba wá pinnu pé ayé ò ní rí òun mú. Ẹran tó bá tóbi jù nínú ìkòkò, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n ni. Bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n ni. Nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì jọ yege láti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí agbára ìyá ò sì ká ju ẹnì kan lọ, èsì Kékeré ló dára jù, kò sẹ́ni tí ò mọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ló lọ. Kékeré lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní dọ́gba o! Àdúgbò pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ìyá rere nìyí, ìyá tó mọ òdodo. Nínú gbogbo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ yẹn, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó yà bi Kékeré léèrè bóyá ó dùn mọ́ ọn.

Ilé ìtọ́jú ẹranko kan ni Ìyá Dọ́gba ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ìlú, nínú ilé gbọọrọ kan tí wọ́n ń kó àpò ọkà pamọ́ sí nígbà kan rí. Ẹranko tó bá fara pa, ẹranko tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà wọ́n lẹ́bàá títì, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọn wá. Ní iwájú, yàrá ìdáná wà tó máa ń rùn fún ẹja àti òògùn apakòkòrò. Yàrá Dókítà tó ń wo àwọn ẹranko náà tẹ̀ lé e, tábìlì irin ló wà níbẹ̀ àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Lẹ́yìn pátápátá ni yàrá gbígbóná wà. Àwọn tí kò tí ì lágbára láti mú ara wọn móoru ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀, àwọn ọmọ tí kò níyàá, àti àwọn ẹyin. Yàrá yẹn ni iṣẹ́ Ìyá Dọ́gba.

Pátákó kọ̀ọ̀kan wà lára ògiri fún ẹranko kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú yàrá: ohun tó jẹ́, ẹbí tó ti wá, àti bí irú rẹ̀ ṣe ṣẹ́kù sí láyé. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń fi èyí tó gbẹ̀yìn yìí hàn. Àwọ̀ ewé, kò séwu. Àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, irú rẹ̀ wà nínú ewu. Pupa, ó ti dé etí bèbè, díẹ̀ ló kù kó parẹ́. Lókè gbogbo wọn ni Dókítà fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ìlànà ilé sí: bí ohun tó wà nílẹ̀ kò bá tó méjì, èyí tó sún mọ́ ìparẹ́ jù ni ká kọ́kọ́ dá lóhùn. Ìyá Dọ́gba fẹ́ràn ìlànà yìí bíi pé òun ló bí i. Òfin tí kì í wojú ẹnikẹ́ni! Ó máa ń fi aṣọ nù ún kó tó nu ohunkóhun láàárọ̀.

Méjì péré ló wà nínú yàrá gbígbóná nígbà tí mò ń sọ yìí, ẹyin igún kan àti ọmọ akíka kan. Wọn ò bá ara wọn tan níbì kankan. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sọ ti àwọn méjèèjì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Akíka, ẹni tó bá rí ìpẹ́ tó bò ó láti orí dé ìrù á ní ọmọ ìyá alángbá ni, tàbí ẹja tó sọnù wá sórí ilẹ̀. Irọ́ gbuu! Akíka ń fọ́mọ lọ́mú. Ara rẹ̀ móoru bíi tèmi tìẹ. Ìpẹ́ yẹn, ohun kan náà tí èékánná wa fi ṣe ni. Àwọn tó ń wádìí ẹbí ẹranko ní ìdílé rẹ̀ dá dúró gedegbe, pé tí ẹ bá ní dandan ẹ fẹ́ mọ ìbátan rẹ̀, ológbò àti ajá àti àwọn bíi tiwọn ló sún mọ́ ọn jù, ìbátan ọ̀nà jíjìn tí kì í yà kíni. Kò léyín. Ahọ́n ló fi ń lá èèrà àti ikán. Tí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù, kìnnìún á jẹ ẹ́ tì. Ọmọ ènìyàn ní tirẹ̀ á kàn bẹ̀rẹ̀, á gbé bọ́ọ̀lù náà sínú àpò, á máa lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ sì ni ọmọ náà ń gùn kiri. Pátákó tirẹ̀, àwọ̀ ọsàn ni.

Igún ńkọ́? Ẹyẹ ni, ẹbí àṣá àti idì. Bẹ́ẹ̀ ni, idì yẹn náà tí gbogbo ayé ń pọ́n lé, ìbátan igún apárí ni, ẹ jẹ́ kó dùn ún. Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Wọ́n tún ní igún kì í kú léwe. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tó dá májèlé dúró. Ẹni tó bá wọ́n májèlé sára òkú ẹran torí ajá ìgbẹ́, igún ló ń pa, odindi agbo lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn ń pa á tà. Òun náà, ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé tí àsìkò rẹ̀ bá tó. Akíka máa ń fara pamọ́, kò sẹ́ni tó mọ iye tó kù. Igún ní tirẹ̀, ojú gbogbo wa ló ṣe tó fi tán lórí òrùlé, a kò sì bèèrè pé níbo ló lọ. Pátákó rẹ̀, pupa ni, pupa tó ń gún ni lójú.

Wọ́n gé igi tí ìtẹ́ wà lórí rẹ̀, bí ẹyin náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Inú àpótí tó ń bá ẹyẹ sàba ló wà, Ìyá Dọ́gba á máa yí i láàárọ̀, á máa yí i lọ́sàn-án, á máa wo ìgbóná rẹ̀. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àmọ́ ẹyin ni, kí lẹ fẹ́ kó ṣe sí i? Ọmọ akíka lọ̀rọ̀. Wọ́n ti pa ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Lọ́jọ́ tó dé, ó gun apá Ìyá Dọ́gba lọ sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó sì sùn síbẹ̀. Òfin ilé ni pé ẹ kì í sọ ẹranko lórúkọ, kí ọkàn má baà so mọ́ ọn. Ìyá Dọ́gba ò sọ ọ́ lórúkọ. "Ìwọ yìí" ló ń pè é. "Ìwọ yìí, mu wàrà ẹ." "Ìwọ yìí, o fẹ́ fi èékánná gé mi létí." Ẹni tó bá gbọ́ bó ṣe ń pe "Ìwọ yìí" yẹn á mọ̀ pé ọkàn ti so.

Kékeré rí wọn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, akíka lẹ́yìn ọrùn, ìyá ń gbálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ò gbé èmi báyìí rí o."

"Ìwọ? Ṣé o mọ bó o ṣe wúwo tó ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, Kékeré sì ní òun á rán àpò onírun kan fún ọmọ náà tó lè máa sùn sí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni òtútù àyà mú ọmọ akíka. Ó kọ wàrà, èémí rẹ̀ ń dún bíi pé nǹkan ń họ nínú rẹ̀. Dókítà gbé e sínú àpótí kejì, èyí tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná olóògùn sí i nímú, ó ní tó bá wà níbẹ̀ láìjáde, ó ṣeé ṣe kó bọ́ níbẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí ìlú kejì láti wá òògùn tó lágbára sí i. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ìjì dé.

Ìjì tó dé lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti eré. Ó ká páànù ilé ẹ̀gbẹ́ wọn bí ẹni ká ẹní, ó sì já wáyà iná lójú títì. Kékeré ti gbé àpò onírun náà dé ní kété tí òjò bẹ̀rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀ tó gbẹ ló pààrọ̀ sí, òjò ò sì jẹ́ kó lè padà. Ọkùnrin kan tún wà níbẹ̀ tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀, Bàbá Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pè é. Òun ló sáré wọlé, omi ń kán lórí rẹ̀.

"Ó ti kú," ló wí.

Ìyá Dọ́gba yíjú sí i. "Ta ló kú?"

"Jẹnẹrétọ̀ ni. Omi ti kún inú ẹ̀. Àfi kí òjò dá, kí n tú u palẹ̀."

"Bátìrì ńkọ́?"

"Ọ̀kan ti wú, kò ṣiṣẹ́ mọ́, mo ti sọ fún wọn, wọn ò gbọ́. Ọ̀kan ló kù. Àpótí kan ló lè gbé. Tó o bá so méjì mọ́ ọn, kò ní gbé ìkankan dé ìrọ̀lẹ́."

Gbogbo wọn wo àpótí méjèèjì. Iná ara wọn ti kú.

"Ẹ ò lè kó wọn pọ̀ sínú ẹyọ kan?" Kékeré bèèrè.

"Ooru tí ẹyin ń fẹ́ á se ọmọ yìí," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Èyí tí ọmọ yìí ń fẹ́, ẹyin á tutù níbẹ̀. Àti pé ikọ́ ló ń wú."

Ó pe Dókítà. Ojú ọ̀nà ni Dókítà wà, igi ti wó dí títì, àwọn mọ́tò tò lọ rẹrẹ. Ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, kí ẹ gbọ́ mi. Ẹ mọ ìlànà. Igún ló wà ní pupa. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹyin yẹn wò sí iná. Mo ti ń ṣiyèméjì lórí ẹ̀. Tí ẹ bá rí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀, ẹyin ló ni bátìrì. Tí ẹ̀mí ò bá sí nínú ẹ̀, ẹ fún ọmọ akíka."

"Dókítà, ẹ̀yin kẹ́ ẹ wò ó nígbà tẹ́ ẹ bá dé."

"Mi ò ní tètè dé, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Mo gba ojú yín gbọ́." Fóònù já. Nígbà tó tún pè é, kò lọ mọ́.

Ìyá Dọ́gba mú ẹyin náà pẹ̀lẹ́, ó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tí wọ́n ń kó aṣọ ìnura sí, níbi tó ṣókùnkùn. Kékeré tẹ̀ lé e, ó di ilẹ̀kùn mú. Ìyá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ó fi ọwọ́ ká a, ó gbé ẹyin lé e.

Iṣẹ́ tó ti ṣe láìmọye ìgbà ni, lórí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, ti àwòdì, ti òwìwí. Tí ọmọ bá wà nínú ẹyin, ẹ ó rí iṣan pupa tó ya kiri bíi gbòǹgbò koríko, ẹ ó sì rí i tó ń mì. Kò rí gbòǹgbò. Nǹkan dúdú kan ló rí lápá kan, ó rọ̀ sísàlẹ̀, nígbà tó sì yí ẹyin náà sí ẹ̀gbẹ́, nǹkan dúdú náà ṣàn tẹ̀ lé e wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀, bí omi inú ìgò. Ẹyin tó ti bàjẹ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀. Ọkàn rẹ̀ fò sókè fún ayọ̀. Ìwọ yìí á yè!

Ayọ̀ yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Bó ṣe gbọ́ ayọ̀ náà nínú ara rẹ̀ ni ẹ̀rù bà á. Ó ní àbí kí ló ń mú mi yọ̀? Ẹyin pupa, ẹyin etí bèbè, mo wá ń yọ̀ pé ó kú? Ó gbé e lé iná lẹ́ẹ̀kan sí i. Eèpo ẹyin igún nípọn, ó sì ní àbàwọ́n. Ta ló sọ pé iṣan ò fara pamọ́ sẹ́yìn àbàwọ́n yẹn? Ta ló sọ pé nǹkan dúdú yẹn kì í ṣe ọmọ? Bí ọkàn bá ti ń wá nǹkan, ojú á bá a rí i, ó mọ ìyẹn nípa àwọn ènìyàn mìíràn. Ó wá ń wá ìṣojúsàájú nínú ojú ara rẹ̀ bí ẹni ń wá iná orí, ó sì rí i, torí pé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

"Màmá, kí lẹ rí?" Kékeré bèèrè. Iná tọ́ọ̀ṣì ń tàn sí ìyá rẹ̀ lójú láti ìsàlẹ̀.

"Ojú mi ò dá mi lójú."

Bàbá Ẹ́ńjìnnì ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ìyá Dọ́gba, ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Mi ò rí i."

"Ó tán! Ẹyin ti kú. Gbé bátìrì fún ẹni tó ń mí."

"Pé mi ò rí i ò ní kó má sí níbẹ̀."

"Ah-ah! Kí ni Dókítà tún ní kó o wò nígbà náà? Ojú ta ló rán?"

"Ẹ gbọ́, Bàbá, ohun tí mo fẹ́ rí ni mo rí. Ẹ ò mọ bí mo ṣe fẹ́ràn nǹkan yẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹyin yìí ṣì wà láàyè, tí mo wá pa á torí èyí tó ń gun ọrùn mi ńkọ́? Kí ni màá sọ?"

"Ta ló máa bi ọ́?"

Ó jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbójú sókè wo pátákó méjèèjì, ọsàn àti pupa, ó sì wo ìlànà tó ń nù láàárọ̀. Kò sí ohun tó ṣókùnkùn nínú ìlànà yẹn. Kò bèèrè ẹni tó fẹ́ràn ta. Ó dá ẹyin padà sínú àpótí tirẹ̀, ó so wáyà bátìrì mọ́ ọn, iná pupa kékeré ara àpótí náà sì tàn. Bàbá Ẹ́ńjìnnì bá a dè é kó má baà já. Bàbá ń mi orí, àmọ́ ó dè é.

Ó ṣí àpótí kejì, ó gbé ọmọ akíka jáde. Atẹ́gùn olóògùn ti dúró. Kékeré rò pé ìyá òun yóò gbé e sí àyà ara rẹ̀. Ó nà án sí Kékeré ni.

"Bá mi gbé e. Fi sínú aṣọ, kó kan ara ẹ."

"Màmá, ẹ̀yin ni ọmọ yìí mọ̀."

"Mi ò gbọ́dọ̀ gbé e. Tí mo bá gbé e, màá lọ já wáyà yẹn."

Kékeré gbé e sínú aṣọ, ó fi àpò onírun náà bò ó, ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Gbogbo ọ̀sán ni ìyá ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àpótí àti ọmọ rẹ̀. Á wo ìgbóná ẹyin, á ní kò burú. Á dé ọ̀dọ̀ Kékeré, á ní báwo ni. Kékeré á ní ó ń mí. Ọmọ akíka ká ara rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù sí àyà Kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀, ìpẹ́ rẹ̀ ń họ ọ́ lára. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Dọ́gba ní, "Ẹ rí i, ara ti ń tù ú." Bàbá Ẹ́ńjìnnì gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Akíka tó bá tú ara sílẹ̀ lọ́wọ́ àlejò, kì í ṣe ara ló tù ú.

"Màmá, ó ti dákẹ́," ni Kékeré wí.

"Ó ń sùn ni."

"Kò sùn."

Ìyá Dọ́gba fi ọwọ́ wọ inú aṣọ ọmọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ síbẹ̀ títí, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò. Lẹ́yìn náà ló wá gbé e. Ó gbé e sí ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀, níbi tó máa ń wà. Kò dì mọ́ ọn. Ó yọ̀ bọ́ọ́lẹ̀, Kékeré ló gbá a mú kó tó kan ilẹ̀. Obìnrin yìí sunkún lọ́jọ́ náà o, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, ó sunkún bí ọmọdé, imú àti omijé papọ̀, Bàbá Ẹ́ńjìnnì sì ń sọ fún un pé kó tújú ká.

Ilẹ̀ ò tí ì ṣú nígbà tí Dókítà dé, ó gbé bátìrì tuntun mọ́ra lábẹ́ aṣọ òjò. Ó wo ilẹ̀, ó wo àpótí tó ń tàn. Ó sọ bátìrì náà kalẹ̀.

Wọ́n tọ́jú ẹyin náà tọkàntọkàn. Ìyá Dọ́gba ń yí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ohun tí kò ṣe rí. Ó ń bẹ̀ ẹ́. Tí ẹyẹ kan bá jáde níbẹ̀, apárí, oníwọra, kó burẹ́wà bó ṣe fẹ́, gbogbo nǹkan á nítumọ̀. Àsìkò tó yẹ kó pa pé, ó kọjá. Dókítà tún ní kí wọ́n fún un láyè díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú àpótí náà, Dókítà sì gbé ẹyin jáde sẹ́yìnkùlé, ó fọ́ ọ lórí bébà. Omi dúdú ló dà jáde. Kò sí ìyẹ́, kò sí eegun, kò sí ojú.

"Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá," ni Dókítà wí. "Ó ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. "Ìyá, ẹ tẹ̀ lé ìlànà. Kò sẹ́ni tó lè bá yín wí."

"Mo rí i, Dókítà."

"Kí lẹ rí?"

"Lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i pé ó ti bàjẹ́. Mi ò gba ara mi gbọ́ ni."

"Èmi gbà yín gbọ́," ni Dókítà wí. "Mo sọ fún yín lórí fóònù." Ó ká bébà náà, ó sì lọ jù ú sínú gárawa.

Nígbà tí Ìyá Dọ́gba délé lọ́jọ́ náà, Kékeré wà ní yàrá iwájú tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ ba orí máṣíìnì rẹ̀. Aṣọ obìnrin kan ló ń rán, àwọn ègé aṣọ wà nílẹ̀ káàkiri. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, abẹ́ iná gan-an.

"Kékeré."

"Màmá. Ẹ káàbọ̀."

"Dókítà fọ́ ẹyin yẹn. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Kò sí rí."

Kékeré ò gbójú sókè. "Mo mọ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo wà níbẹ̀. Mo rí ojú yín nígbà tẹ́ ẹ tan iná sí i. Inú yín dùn. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tẹ́ ẹ gbé ojú yẹn kúrò."

"Ẹ̀rù bà mí ni. Mo ní torí pé mo fẹ́ràn ẹ̀ ló fi…"

"Torí pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀ náà ni, Màmá. Ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn lẹ máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, kí ayé má baà sọ pé ẹ̀ ń ṣojúsàájú."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bó ṣe máa ń sọ ìwọ̀n ìbàdí fún oníbàárà ló ṣe sọ ọ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, Ìyá Dọ́gba ti ń dúró de ọjọ́ tí Kékeré máa sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ó ti ní èsì sílẹ̀ tó dáa, tó tẹ́ rẹrẹ: ọmọ òkú ni, ta ni ì bá jà fún un? Èsì náà ò jáde.

"Ṣé o ṣì ń bínú sí mi?" ló bèèrè.

"Rárá o." Kékeré fi eyín já òwú. "Mo bínú títí, ó sú mi. Ó ti pẹ́." Ó gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó ń ṣẹ́jú sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún kúrò níbi iná yẹn, mi ò ríran."

Ìyá Dọ́gba dìde. Ó sún kúrò níbi iná, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, kò mọ ibi tó kàn láti lọ.